Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́nu Ọmọ? Àríyànjiyàn Ilé-Ìwé ní Gúúsù Èkìtì

Bí ẹ bá jí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé gírámà ní ilẹ̀ wa lójú oorun ní òru, tí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ó ṣeé ṣe kó nà ró kó sì máa kí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: alága ọ̀wọ́n, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò tí aago rẹ̀ péye, ẹ̀yin tí a jọ ń jiyàn, àti gbogbo ẹ̀yin èrò ìwòran. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé òun wá láti kín kókó ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lẹ́yìn, tàbí láti takò ó. Bí ó bá parí, yóò ní òun gbàgbọ́ pé pẹ̀lú ìwọ̀nba àlàyé tí òun ṣe, òun ti yí àwọn olùgbọ́ lérò padà, òun kò sì dà wọ́n lọ́kàn rú. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ Òyìnbó kan tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa fúnra wa la ti sọ ọ́ di oríkì.

Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, tí mo sì padà sí agbègbè tí wọ́n bí mi sí, àwọn ilé-ìwé gírámà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré a máa ránṣẹ́ pè mí láti wá ṣe adájọ́ bí wọ́n bá fẹ́ jiyàn. Èrò wọn ni pé ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ jẹun rí yóò mọ ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò. N kì í kọ̀. Ìjókòó náà wù mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bísíkíìtì àti omi inú ọ̀rá ni gbogbo ohun tí adájọ́ ń gbà lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí mo ń dájọ́ fún kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.

Kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ á máa sọ̀rọ̀ geere bí omi ẹ̀rọ, lójijì ọ̀rọ̀ kan á fò ó, á sì dákẹ́ lọ gbári. Bí ẹ bá yíjú sẹ́yìn gbọ̀ngàn nígbà náà, ẹ óò rí tíṣà kan tó ń mi ètè láìsí ohùn, tó ń gbìyànjú láti ju ọ̀rọ̀ náà sí ọmọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Tíṣà ló kọ ọ́ sínú ìwé, ọmọ há a sórí, àwa sì jókòó, à ń fún tíṣà ní máàkì. Bí ẹnì kejì bá sì bọ́ síta, kì í dá ẹnì kìíní lóhùn rárá. Báwo ni yóò ṣe dá a lóhùn? Ìwé tirẹ̀ ti wà ní kíkọ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí alátakò máa sọ.

Mo mọ bí ó ṣe ń rí, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti dàgbà. Ní ilé-ìwé tí mo lọ ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí èèyàn ti lè gbójú sókè láti inú kíláàsì kó rí àpáta Olóṣùnta, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ẹgbẹ́ àríyànjiyàn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà yóò san owó ìtanràn tàbí kó gba ẹgba. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á wá ní kí ọmọ kan náà tí wọ́n ti lù nítorí pé ó la ẹnu dìde dúró kó sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Ìparí ọdún 1993 ni wọ́n yàn mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ rántí irú ọdún tó jẹ́. Ní oṣù kẹfà ni a dìbò, tí ìjọba ológun sì wọ́gi lé e. Ní oṣù kọkànlá ni Ọ̀gágun Sani Abacha gorí àlééfà. Bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó nìyẹn nígbà tí tíṣà wa gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n kín in lẹ́yìn pé ìjọba ológun sàn ju ìjọba alágbádá lọ. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó tó to ìlà lábẹ́ oòrùn láti dìbò fún Abíọ́lá, jókòó sí ẹnu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń há a sórí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tó.

"Ṣé ohun tí ìwọ gbà gbọ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Tíṣà ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Kò burú. Sọ fún mi ohun tí ẹni tó gbà á gbọ́ yóò sọ. Má kà á fún mi o. Sọ ọ́."

Gbólóhùn méjì péré ni mo rí sọ. Bàbá mi bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Òun tí ibò rẹ̀ ṣòfò dìde, ó sì fi èdè Èkìtì gbèjà àwọn sọ́jà: pé kí àwọn olóṣèlú tó para wọn ní 1965 nílẹ̀ Yorùbá, sọ́jà kò dé, pé ẹni tó bá ń jà nínú ilé rẹ̀ ló ń pe aládùúgbò wọlé, pé kí ni àwọn alágbádá ti 1979 sí 1983 fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́? Nígbà tó ti gbé wọn ga tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an fẹ́ máa ṣe sààdáńkátà fún sọ́jà, ó yíjú padà, ó sì wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí sọ́jà bá wọlé láti làjà, tó làjà tán, kí ló dé tí kò lọ? Ìyá mi ní kí ó rọra, pé ògiri létí. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún: pé ẹni tí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ dáadáa kò tí ì mọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ohun tí tíṣà kọ ni mo sọ, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ipò kìíní ni a gbà.

Ìwé máàkì tí wọ́n ń fún àwa adájọ́ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Máàkì wà fún ìmúra. Ó wà fún ìkíni, fún bí ọmọ ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì, fún ìgboyà, fún bí kò ṣe kọjá àkókò. Èyí tó wà fún dídá alátakò lóhùn kéré bí ẹyin ẹyẹlé, bí ó bá tilẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo jókòó níbi tí ọmọkùnrin kan láti ilé-ìwé ìjọba tó wà lẹ́yìn Emùré ti takò ó pé àgbẹ̀ wúlò ju olùkọ́ lọ. Kókó yẹn ti gbó, ó ti ṣá. Àwọn bàbá wa jà á, àwa náà jà á. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ju ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láàárín méjì, ó ní bàbá òun ń gbin kòkó, ẹni tó ń rà á ló máa ń ka òṣùwọ̀n, lọ́dọọdún ló sì ń rẹ́ bàbá òun jẹ, nítorí bàbá òun kò lè ka òṣùwọ̀n náà. Láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n kà, wọn kò rẹ́ wọn jẹ mọ́. Ó ní nítorí náà, olùkọ́ ló gbé àpò kòkó méjì sórí ilẹ̀ bàbá òun lọ́dún tó kọjá, láì fọwọ́ kan àdá.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tán! Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni, lẹ́tà H sì máa ń bọ́ níbi tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀, kó lọ wà níbi tí wọn kò ti pè é. Àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni tó wà láàárín ìlú rẹ́rìn-ín títí. Àwa adájọ́ mẹ́ta la wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro máàkì pọ̀, ìpele Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ṣubú, ọmọ tó ka ìwé tíṣà rẹ̀ láìkọsẹ̀ sì gba ife ẹ̀yẹ. Mo sọ tèmi lórí tábìlì adájọ́, wọ́n ní òfin ni òfin. N kò bá wọn jà. Ìwé máàkì ni mo ń bá jà láti ọjọ́ náà.

Kì í ṣe pé iyàn jíjà láàárín ọmọ ilé-ìwé kò níláárí o. Ẹ̀rí wà pé ó lè gbé ẹni tí wọn kò kà sí dé ibi tí wọn kò rò. Ní 1935, nígbà tí wọn kò jẹ́ kí ènìyàn dúdú jókòó ti funfun nínú ọkọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, Wiley College, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń lọ ní Texas, bá University of Southern California jiyàn, ó sì borí. Ní 1985, ní Atlanta, àwọn ará Emory University bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyàn jíjà wọ àwọn ilé-ìwé ìjọba tó wà láàárín ìgboro, níbi tí ọmọ tálákà pọ̀ sí, ètò náà sì tàn dé àwọn ìlú ńlá mìíràn. Nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1988, ọmọ mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ, alátakò sì láyè láti dìde bi wọ́n ní ìbéèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́. Nínú àwọn kókó tí wọ́n ń jà, àwọn kan wà tí wọn kì í sọ fún wọn títí di wákàtí kan ṣáájú. Tíṣà wo ló lè kọ ìyẹn sínú ìwé fún wọn?

Àwa náà kọ́ ni àjèjì sí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Anthony Enahoro nígbà tó dìde ní oṣù kẹta ọdún 1953 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, tó dá àbá pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Kí òyìnbó tó dé pàápàá, ààfin ni ilé iyàn wa. Àwọn ìjòyè kì í bá ọba sọ̀rọ̀ látorí ìwé.

Èyí ló mú kí n bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́ pé kó fún mi ní ọmọ méjìlá àti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin péré. Ohun méjì ni mo béèrè: kí tíṣà má kọ ohunkóhun, kí àwọn ọmọ sì kọ́kọ́ ja iyàn náà ní Yorùbá kí wọ́n tó jà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ronú títí. Obìnrin gidi ni. Ó ní, "Ẹ máa ṣe é lọ, sà, ṣùgbọ́n ẹ ti fèrèsé o, kí àwọn òbí má baà ní Yorùbá là ń kọ́ ọmọ àwọn."

Mo kó kókó tí kò sí nínú ìwé ìràntí tíṣà kankan fún wọn. Mo ní kí wọ́n lọ wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn Ògògà.

Nínú àwọn tó ń kọjá ní iwájú ààfin Ìkẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kò pọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ògògà ìgbà náà ránṣẹ́ sí Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀ níbí, ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, pé kó wá fín ọnà sí ààfin. Lára ohun tó gbẹ́ ni ilẹ̀kùn ńlá kan tó fi hàn bí Ògògà ṣe gba àlejò òyìnbó kan, Captain Ambrose: ọba jókòó sórí ìtẹ́, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn, òyìnbó wà lórí ohun tí àwọn aláàárù fi gbé e. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn ará British Museum rí i, ojú wọn kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ògògà kò tà á. Ohun tó gbà ni pàṣípààrọ̀: wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún un ní ìlú Òyìnbó, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn rọ́pò. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Òpó kan láti ààfin kan náà wà ní Chicago.

Kókó wa ni pé kí British Museum dá ilẹ̀kùn Ògògà padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo wọn ló fẹ́ kín in lẹ́yìn. Wọ́n ní olè ni òyìnbó. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ẹni tó jalè, àti ọjọ́ tó jà á. Wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Bìní yàtọ̀. Ní 1897, pẹ̀lú ìbọn ni wọ́n kó ti Bìní lọ, èyí sì ló mú kí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà ní 2022. Ti Ìkẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iyàn wà. Bí wọ́n ṣe padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ dìde ní apá àwọn alátakò, ó ní àwọn tó ń pe Ògògà ní ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ń tàbùkù ọba. Ó ní ọba mọ ohun tó ń ṣe: ó rí i pé wọ́n fẹ́ràn nǹkan òun, kò tà á ní owó, ó gba ìtẹ́, ilẹ̀kùn tuntun sì tún dé sílé rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe, òyìnbó sì ń tọ́jú ti àkọ́kọ́. Ó ní, "Bí ọba bá wí, ta ni ọmọ ọmọ rẹ̀ tí yóò sọ pé kò mọ̀wí?"

Ọmọbìnrin kan bá bọ́ síta. Kò kí alága, kò kí olùṣọ́ àkókò. Ó yíjú sí ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ó dáa. Bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá yá alùpùpù bàbá rẹ láti fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá ní ó wu òun, ṣé bàbá rẹ lè ní rárá?" Ọmọkùnrin ní ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ní, "Bó bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Kíláàsì hó. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kò jókòó. Ó ní Ògògà kọ́kọ́ ní rárá, pé ìyẹn sì fi hàn pé ó láyè láti kọ̀. Wọ́n bá ara wọn fà á títí aago ilé-ìwé fi dún, kò sì sí ẹni tó mira.

Nígbà tó kan Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa gbé e ni wọ́n kàn ń wá. Ọ̀kan nínú wọn fi fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1963 kàn, èyí tí kò gba British Museum láyè láti fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ àfi fún ìwọ̀nba ìdí díẹ̀. Ó béèrè bóyá òfin tí olówó-gogo ṣe fún ara rẹ̀ lè de ẹni tí ó ni nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni o. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn, tó jókòó sẹ́yìn láti ọ̀sẹ̀ kejì, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ náà kò sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láìwo ìwé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi ṣe WAEC àti JAMB, òun ni yóò fi wáṣẹ́, àti pé èmi tó ń sọ èyí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi jẹun nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Wọ́n á ní ọmọ ọlọ́rọ̀ yóò máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ ní Adó àti Àkúrẹ́, tiwa á wá máa ja iyàn ní Yorùbá ní Emùré. Òótọ́ ni. Òbí kan sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú omi lójú. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò dúró sójú kan: ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ti fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. N kò ní kí ẹnikẹ́ni jù Gẹ̀ẹ́sì nù. Mo ní kí a jẹ́ kí ọmọ ní ọ̀rọ̀ kó tó wá èdè tí yóò fi sọ ọ́.

Ohun tó kù tó ń dí wa lọ́wọ́ kì í ṣe ti ìwé rárá. Iyàn jíjà ń fẹ́ kí ilé-ìwé kan wọ ọkọ̀ lọ bá òmíràn. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2024, tí àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Emùré, ọ̀gá ilé-ìwé mélòó ló tún fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ kúrò ní Emùré lọ sí Ìsẹ̀, kó tó wá kan Ìkẹ́rẹ́? Àwọn ọmọ náà padà wálé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Awakọ̀ wọn kò padà. Ìwọ̀nba kìlómítà ló wà láàárín àwọn ìlú yìí, ẹni kan lè jẹun àárọ̀ ní ọ̀kan kó dé òmíràn kí iyán tó délẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbé inú wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ní sáà tó kọjá, ìdíje méjì tí wọ́n pè mí sí ni wọ́n fagi lé nítorí ọ̀nà.

Nítorí náà, èmi ni mo ń lọ bá wọn báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ kan ní apá Emùré, mo ní kí wọ́n fúnra wọn yan kókó tí wọ́n fẹ́ jà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ara wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú pátákó: pé kí ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé tó wà lẹ́bàá igbó pa, kí ó kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí àárín ìlú títí ọ̀nà yóò fi dára. Mo wò yíká. Inú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni a jókòó sí. Mo béèrè ẹni tí yóò kín in lẹ́yìn, ọwọ́ mẹ́jọ lọ sókè. Mo béèrè ẹni tí yóò takò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin kan ní ìlà ẹ̀yìn tó na ọwọ́. Ó ní, "Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi títí di Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ lọ bi ìyá mi ní nǹkan kan."